Ìkòkò Kan fún Gbogbo Ilé: Oúnjẹ tí Kò Ní Àlìkámà àti Wàrà Nínú

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tí oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú ara. Ọmọ jẹun tán, inú rẹ̀ wú bí ìlù. A fún un ní búrẹ́dì àti tíì oníwàrà ní òwúrọ̀. Kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́, ó ti ń wá ilé ìgbẹ́ kiri. Ìyá rò pé aràn ni, baba rò pé ọwọ́ ayé ni. A ra oògùn aràn lẹ́ẹ̀kíní, a rà á lẹ́ẹ̀kejì, inú ọmọ kò sì rọ̀. Nígbà mìíràn, kì í ṣe aràn, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Oúnjẹ tí a fi ìfẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ọmọ náà ni ara rẹ̀ kò gbà.

Oúnjẹ méjì tí ó sábà máa ń ṣe báyìí ni àlìkámà àti wàrà. A fẹ́ fi hàn níhìn-ín bí ìyá ilé ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìgàndò ti lè se oúnjẹ tí gbogbo ilé yóò jọ jẹ láìsí méjèèjì, láìná owó púpọ̀, àti láìya ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá sọ́tọ̀ sí igun kan pẹ̀lú àwo tirẹ̀.

BÍ BÚRẸ́DÌ TI DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ilẹ̀ oko ni Alímọ̀ṣọ́ rí. Àwọn Àwórì àti àwọn ará Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, ni wọ́n dá oko níbẹ̀. Lónìí ilé ti gba ipò oko. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714.

Àlìkámà kò sí nínú ohun tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí gbìn. Ọkà tí ó fẹ́ òtútù ni. Ní Nàìjíríà, ìhà Àríwá ni a ti ń gbìn ín, ní àkókò ọyẹ́, pẹ̀lú omi tí a fà wọ oko. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí a ń jẹ ni ọkọ̀ òkun ń kó wá láti òkèèrè. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, ẹni tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ Rélùwéè, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní 1921. Láti ọwọ́ àwọn bí tirẹ̀ ni búrẹ́dì ti kúrò ní oúnjẹ òyìnbó àti akọ̀wé, tí ó di oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Búrẹ́dì Agége, tí ń jẹ́ orúkọ ìlú tí ó bá wa pààlà, kò sí àdúgbò wa tí a kì í ti í kiri rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan. Ní oṣù kìíní 1987, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de kíkó àlìkámà wọ ilẹ̀ yìí, 1992 ni wọ́n sì tó mú òfin náà kúrò. Búrẹ́dì wọ́n ní ọdún wọ̀nyí. Síbẹ̀ ilé tí ó ní ògì àti ẹ̀wà kò torí rẹ̀ sùn ní ebi. Oúnjẹ tí a lè wà láìsí i fún ọdún márùn-ún, kò yẹ kí ẹ̀rù bà wá bí dókítà bá ní kí ọmọ kan fi í sílẹ̀.

OHUN TÍ WÀRÀ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Wàrà ní irú súgà kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nínú ìfun ọmọ ọwọ́ ni èròjà kan wà tí ń gé súgà yìí sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Nítorí náà ni wàrà ọmú fi bá ọmọ lára mu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, èròjà náà a máa dín kù díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mu wàrà púpọ̀, súgà náà yóò kọjá lọ sínú ìfun ńlá láìdà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ yóò mú un kan bí omi ògì ti í kan. Afẹ́fẹ́ yóò kún inú, inú yóò máa kùn, yóò sì máa lọ, ìgbẹ́ yóò sì dà bí omi.

Ní Èkó gan-an ni a ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ láàrin àwa Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ẹni tí ó di Mínísítà Ìlera láti 1985 títí di 1992, bá Dókítà Norman Kretchmer ti Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn ṣe ìwádìí kan, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1971. Wọ́n fún àwọn Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Fúlàní ní súgà wàrà mu, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ̀ bóyá ó wọ inú ara. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni súgà náà kò dà nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn Fúlàní darandaran, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó dà nínú wọn. Ohun ìjogún ni. Ẹni tí wàrà ń yọ lẹ́nu láàrin wa kò ní àìsàn, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtìjú. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ darandaran.

Èyí kò wí pé kí gbogbo ilé da wàrà nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi díẹ̀ sínú tíì láìrí ìpalára. Wàrà kíkan àti wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà a máa rọrùn ju wàrà tútù lọ. Nítorí kíkan ti jẹ díẹ̀ nínú súgà náà, àti nítorí pé omi tí a sẹ́ kúrò lára wàrà dídì ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn wà tí ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀. Kì í ṣe súgà wàrà ni ara wọn kọ̀. Èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ ni ara wọn ń bá jà. Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò, ètè wọn a wú, ara wọn a sú, èémí wọn a sì há. Fún irú wọn, ẹ̀kán kan pàápàá ti pọ̀ jù. Bí èémí ọmọ bá ti ń há, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

OHUN TÍ ÀLÌKÁMÀ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Nínú àlìkámà, nínú ọkà barle àti nínú ọkà ráì, èròjà kan wà tí a ń pè ní gúlútẹ́ẹ̀nì. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bí rọ́bà, òun ni ó sì ń mú kí búrẹ́dì wú. Nínú àwọn ènìyàn kan, ara a máa ka èròjà yìí sí ọ̀tá. Bí ara ti ń bá a jà, a máa ba awọ inú ìfun kékeré jẹ́, níbi tí oúnjẹ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà yóò máa jẹun, kì yóò sì sanra. Ikùn yóò yọ, apá àti ẹsẹ̀ yóò rù, ẹ̀jẹ̀ kì yóò tó lára rẹ̀, kì yóò sì ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Sílíáàkì ni orúkọ àìsàn yìí.

Ọ̀nà tí a gbà mọ ìdí rẹ̀ yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, dókítà ọmọdé kan, Willem Dicke, ti ń fura sí àlìkámà ṣáájú ogun ńlá kejì. Ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, ìyàn mú ní ilẹ̀ náà nítorí ogun, búrẹ́dì sì di ohun àwátì. Àwọn ọmọ yòókù ń joro. Ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn yìí ń le sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn náà padà. Ní 1950 ó kọ ìwé lórí ohun tí ó rí, láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé kò sí oògùn mìíràn fún un ju pé kí a fi àlìkámà àti àwọn ọkà tí ó bá a tan sílẹ̀ pátápátá.

Ní Yúróòpù, ó tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ní sílíáàkì. Lọ́dọ̀ wa, àwọn dókítà kì í sábà rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní in kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Àti pé, nítorí pé awọ ìfun tí àlìkámà bàjẹ́ ni ó ń ṣe èròjà tí ń gé súgà wàrà, ẹni tí ó ní sílíáàkì sábà máa ń kọ wàrà pẹ̀lú, títí ìfun rẹ̀ yóò fi jinná. Ìdí nìyí tí a fi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

KÍ A TÓ MÚ OÚNJẸ KÚRÒ LẸ́NU ỌMỌ

Ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Èkíní, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Inú tí ń lọ àti ara tí ń rù lè ti inú aràn wá, tàbí inú omi àìmọ́, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò. Bí dókítà bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí sílíáàkì, kí ẹni náà má ṣe tíì dá búrẹ́dì dúró; nítorí bí ó bá ti fi àlìkámà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má sọ òtítọ́ mọ́.

Èkejì, ẹ má ṣe já ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ọmú nítorí ohun tí a kọ níhìn-ín. Ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi pàápàá. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí inú ọmọ bá ń lọ, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti súgà tí a ń fi àpò rẹ̀ tà ní ilé oògùn, ẹ má sì ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe mú oúnjẹ kan kúrò láìfi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tí ó mú wàrà àti búrẹ́dì kúrò, tí ó sì fi gàrí nìkan dí àyè wọn, ó ti lé ajá jáde, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún ìkookò. Gàrí a máa yó ni, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ ṢÒKÒTÒ WA

Ohun tí a ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ní Èkó, a ń ta ìyẹ̀fun àti búrẹ́dì aláìní-gúlútẹ́ẹ̀nì tí a kó ti òkè òkun wá, owó rẹ̀ sì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ní ọjà Ìkòtún, kí ẹ sì wo àwọn àtẹ kọ̀ọ̀kan. Iṣu kò ní gúlútẹ́ẹ̀nì. Ewùrà, kókò, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti gbogbo ohun tí a fi í ṣe, gàrí, láfún, fùfú, kò ní. Àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì kò ní. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso, kò sí ọ̀kan tí ó ní in nínú wọn. Wàrà kò sì sí nínú ọbẹ̀ wa kan; epo pupa àti òróró ni a fi ń sè é, kì í ṣe bọ́tà.

Nítorí náà, ìyá tí ó bá mọ oúnjẹ ìyá rẹ̀ sè kò ní iṣẹ́ tuntun láti kọ́. Fún ọmọ tí ó ń fẹ́ ìpápánu lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àkàrà, ọ̀jọ̀jọ̀, ìpékeré, gúgúrú àti ẹ̀pà, kúlíkúlí, àádùn àti rọ́bọ́ ti wà kí mít-páì tó dé.

IBI TÍ ÀLÌKÁMÀ FARAPAMỌ́ SÍ

Ibi tí ewu wà ni èyí. Àlìkámà kì í ṣe búrẹ́dì nìkan. Òun ni sẹ̀mó, òun ni màkàróònì àti sùpàgẹ́ẹ̀tì, òun ni Indomie tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, òun ni pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀nsì àti ṣinṣín. Ọkà barle wà nínú ọ̀pọ̀ bíà, nínú ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀tì, àti nínú àwọn ohun mímu oníkòkó kan tí a ń fún ọmọdé. Ó lè wà nínú àwọn adùn ọbẹ̀ kan tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ kọ́ láti ka ohun tí a tẹ̀ sí ara páálí kí ẹ tó rà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tàn yín jẹ. Láti nǹkan bí 2005 ni Ìjọba ti ń rọ àwọn aláṣè búrẹ́dì pé kí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ kún ti àlìkámà. Èyí dára fún àgbẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́, ìdá mẹ́sàn-án rẹ̀ ṣì jẹ́ àlìkámà. Kò yẹ ẹni tí ó ní sílíáàkì.

Ewu kejì wà nínú ilé gan-an. Ní ilé púpọ̀, bàbá àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ a máa jẹ ọkà àlìkámà tí a rò bí àmàlà. Bí a bá fi ọmọrógùn kan náà ro ti bàbá àgbà, tí a sì fi í ro ti ọmọ, a ti fún ọmọ ní ohun tí dókítà kọ̀. Kí ọmọrógùn ọmọ yàtọ̀, kí a fi àmì sí i; kí asẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pẹ̀lú, nítorí ìyẹ̀fun a máa há sí ojú asẹ́. Kí a kọ́kọ́ se ti ọmọ kí a tó se ti àlìkámà. Èyí tí ó sàn jù ni kí dókítà bàbá àgbà sọ oúnjẹ mìíràn tí ó lè jẹ, bí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ púpọ̀ pẹ̀lú òkèlè díẹ̀, kí ìkòkò ilé lè jẹ́ ọ̀kan.

Ewu kẹta wà ní ilé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó lọ àlìkámà fún oníbàárà kan ni yóò lọ èlùbọ́ tiyín. Ẹ bẹ onílé ẹ̀rọ kí ó yà ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ògì àti ẹ̀wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo ọlọ ilé. Ẹ má sì ra dùndún tàbí àkàrà lọ́wọ́ ẹni tí ó din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nínú òróró kan náà, tàbí tí ó ń fi fúláwà lú ẹ̀wà. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Oníṣòwò rere kì yóò bínú.

OÚNJẸ Ọ̀SẸ̀ KAN

Ọjọ́ Ìsinmi: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní òwúrọ̀, ìrẹsì Ọ̀fàdà, ọbẹ̀ ata àti ẹran ní ọ̀sán, èso àti ẹ̀pà ní alẹ́.

Ọjọ́ Ajé: ògì àti àkàrà, iṣu sísè pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: dùndún àti ẹyin díndín, àdàlú, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí edé pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú: ẹ̀kuru pẹ̀lú ata díndín, ìrẹsì àti ẹ̀wà, láfún àti ọbẹ̀ ilá.

Ọjọ́bọ̀: ògì alásóyà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, àsáró pẹ̀lú ẹja yọ́yọ̀, fùfú àti ẹ̀gúsí.

Ọjọ́ Ẹtì: ẹ̀kọ àti àkàrà, ẹ̀wà àti dòdò, ìkọ́kọrẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ọ̀jọ̀jọ̀ àti ògì, ẹ̀wà àgọ̀yìn pẹ̀lú iṣu sísè dípò búrẹ́dì, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀pà kò sí níbẹ̀. Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé kò sí oúnjẹ aláìsàn kan níbẹ̀. Oúnjẹ àlejò ni gbogbo wọn.

OHUN TÍ A Ó FI RỌ́PÒ WÀRÀ

Nítorí èròjà amúaradàgbà rẹ̀ àti nítorí kásíọ̀mù tí ń mú egungun àti eyín le ni a ṣe ń fún ọmọ ní wàrà. A lè rí méjèèjì ní ibòmíràn. Ẹja kékeré tí a jẹ tòun ti egungun, bí yọ́yọ̀, àti edé tí a lọ̀ kúnná, ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn wọn ni ewédú àti àwọn ewébẹ̀ mìíràn, ẹ̀wà àti sóyà.

Láti ṣe omi sóyà: ẹ ṣa ife sóyà kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ní alẹ́. Ní òwúrọ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ ife omi mẹ́fà, ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé e ka iná, ẹ máa rò ó kí ó má bàa jóná, kí ó hó fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe gé ìhó rẹ̀ kúrú. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà, iná ni ó ń pa á. Ìhà kan ni kí ẹ mọ̀: omi sóyà tí a ṣe nílé ní amúaradàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n kásíọ̀mù rẹ̀ kò tó ti wàrà, nítorí náà kí ẹja kékeré má ṣe kúrò nínú ọbẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ gba ipò ọmú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń bá èròjà wàrà jà lè kọ sóyà pẹ̀lú. Kí dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ilé ìwádìí Ìjọba ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, ni ó kọ́ wa ní ògì alásóyà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é nílé lè wọn àgbàdo ìwọ̀n méje àti sóyà ìwọ̀n mẹ́ta. Kí ó rẹ àgbàdo bí a ti ń ṣe fún ògì, kí ó se sóyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó bó èèpo rẹ̀, kí ó lọ̀ wọ́n pọ̀, kí ó sì sẹ́ wọn. Ìkòkò dúdú ni í ṣe ẹ̀kọ funfun. Kò sí ohun ìyanu kan nínú rẹ̀ ju sùúrù lọ.

NÍ ILÉ ỌLỌ́RUN ÀTI NÍ IBI ÀSÈ

Ẹni tí ó ní sílíáàkì a máa bẹ̀rù tábìlì Olúwa, nítorí àlìkámà ni búrẹ́dì ibẹ̀. Kí ó má ṣe sá fún un, kí ó má sì ṣe jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kí ara rẹ̀ sì bàjẹ́. Kí ó lọ bá àlùfáà ṣáájú. Nínú Ìjọ Kátólíìkì, òfin fi dandan lé àlìkámà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a lo búrẹ́dì tí gúlútẹ́ẹ̀nì rẹ̀ kéré gidigidi, tàbí kí ẹni náà gba wáìnì nìkan. A tún sọ èyí ní gbangba ní 2017. Nínú àwọn ìjọ yòókù, àlùfáà ni yóò sọ bí ó ti yẹ. Bí a bá ń ti búrẹ́dì bọ inú ife, kí a tọ́jú ife tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní àsè Ìkórè àti ní ìsọmọlórúkọ, kí ìyá ọmọ náà bá àwọn tí ń se oúnjẹ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Kí ẹ̀yin náà tí ẹ ń se oúnjẹ má ṣe wí pé, “Díẹ̀ kò lè pa á.” Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kọ oúnjẹ ọba, wọ́n jẹ ewébẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ojú wọn sì dán ju ti àwọn tí ó jẹ àdídùn lọ. Bí ìwẹ̀fà ọba kèfèrí bá lè gbà fún wọn, ó yẹ kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lè gbà fún ọmọ kékeré kan.

OHUN TÍ A LÈ GBÌN

Àgbàdo àkọ́kọ́, ní oṣù kẹta tàbí kẹrin, nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì ní oṣù kẹjọ. Sóyà ní oṣù kẹfà tàbí keje. Ẹ̀wà ní ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ti dá. Ẹni tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ lè gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sínú àpò tí a rọ erùpẹ̀ sí lẹ́yìn ilé. Ẹ̀wà tí a fẹ́ tọ́jú, kí a sá a kí ó gbẹ, kí a sì dì í sínú kéègì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ẹ má ṣe da oògùn kòkòrò lu ohun tí ọmọ yóò jẹ.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ wa kò ju báyìí lọ. Bí ọmọ kan nínú ilé kò bá lè jẹ oúnjẹ gbogbo ilé, kí gbogbo ilé jẹ oúnjẹ ọmọ náà. Oúnjẹ rere ni, ilẹ̀ wa ni ó ti jáde, kò sì dín ẹnikẹ́ni kù. Ọmọ tí ó bá àwọn arákùnrin rẹ̀ bu òkèlè nínú àwo kan náà kì yóò rántí pé ara òun yàtọ̀. Yóò rántí pé a fẹ́ràn òun ní ilé baba òun.